Táyà Olókè Tí Mo Gbé Lọ Bá Ìyá Fàrídà ní Ifọ̀

Kò sí ẹni tó mọ táyà tó èmi láti Mowé títí dé ibi tí ayé ti tán. Èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ débi pé àwọn ẹyẹ orí wáyà iná níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti mọ̀ ọ́n sórí. Afọlábí lorúkọ tí wọ́n fún mi nílé, àmọ́ tó o bá dé bọ́sítọ́ọ̀pù Mowé tó o bèèrè Afọlábí, wọ́n á máa wò ẹ́ bí ẹni tó sọnù. Dọ́kítà Táyà ni kó o bèèrè. Ajá gan-an á mú ẹ débẹ̀.

Lóṣù kẹta ọdún tó kọjá, nígbà tí oòrùn mú débi pé ẹyin sísè ni àwọn adìẹ Mowé ń yé, ọjà kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ogún táyà tòkunbọ̀, látinú kọ̀ntẹ́nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìlà ara wọn jìn débi pé tó o bá ju okùúta sínú ẹ̀ lónìí, ọ̀la lo máa gbọ́ ìró ẹ̀. Rọ́bà wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya òkè kékeré kan tó ní ṣóńṣó mẹ́ta, wọ́n sì ya ìràwọ̀ kan sínú òkè náà.

Nígbà tí mo rí òkè yẹn, mo pariwo débi pé àwọn ará Ìbafọ̀ rò pé tírélà ló ṣubú. Kí ni òkè ń ṣe lára táyà, tí kì í bá ṣe pé táyà náà ń gun òkè? Kí sì ni ìràwọ̀ ń ṣe níbẹ̀, tí kì í bá ṣe pé òun ni ìràwọ̀ láàárín gbogbo táyà? Ojú ẹsẹ̀ ni mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára pátákó mi gàdàgbà: TÁYÀ OLÓKÈ, TÓJÒ-TẸ̀Ẹ̀RÙN, KÒ SÍRÚ Ẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Títílọpẹ́, tí mò ń pè ní Àǹtí Títí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ oníjókòó mẹ́jọ ni. Àwọn òbí kan ní Arépo ti bá a sọ ọ́ pé kó máa gbé ọmọ àwọn lọ sílé-ìwé ní Mowé, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, lórí títì márosẹ̀ tí àwọn tírélà ti ń sáré bí ẹni tí ikú ń lé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó káwọ́ gbera. "Afọlábí, gbọ́ mi dáadáa. Mi ò wá gbọ́ ẹnu dídùn lónìí. Òjò ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, oòrùn náà ò tíì lọ. Táyà tó máa dúró nínú méjèèjì ni mo fẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ máa gbé."

"Àǹtí mi, ẹ wò mí lójú. Tí ẹ bá fi Olókè yìí wa ọkọ̀ wọnú odò Ògùn, ẹ máa jáde ní òdìkejì, ẹsẹ̀ yín ò sì ní tutù."

"Mo ní mi ò fẹ́ ẹnu dídùn."

"Mo fi orí mi búra."

"Orí ẹ kọ́ ló máa wà nínú ọkọ̀."

Àmọ́ ó rà á. Àbúrò ẹ ni mí, ta ló tún fẹ́ gbà gbọ́? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fọwọ́ ara mi dè sí ọkọ̀ náà ní ọjọ́ Ẹtì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú. Gbogbo awakọ̀ tí mo bá fi Olókè hàn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ó dáa o, Dọ́kítà, àmọ́ jẹ́ kí Ìyá Fàrídà rí i ná." Ìyá Fàrídà! Fọ́kanáísà kan báyìí tó wà ní Ifọ̀, obìnrin, àgbàlagbà, ọmọ Ṣakí. Wọ́n ní kò sí táyà tó lè purọ́ fún un. Wọ́n ní tó bá fọwọ́ kan táyà, á sọ ibi tó ti rìn dé. Mo ní irọ́ ni. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá àwọn onírọ́, mo mọ irọ́ tí mo bá gbọ́ ọ. Mo bá pinnu pé màá gbé Olókè kan lọ bá a, màá gbé e sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ẹnu á sì yà á débi pé á sọ jáàkì ẹ̀ nù, á padà sí Ṣakí.

Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, Àǹtí Títí fẹ́ gbé àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Arépo lọ sí ìpàdé àdúrà ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun á já mi sílẹ̀ ní Ifọ̀, tí àwọn bá ń padà bọ̀, òun á tún wá gbé mi. A gba Berger, a gba Sango. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀, mo ti bọ́ sílẹ̀ ní Ifọ̀ pẹ̀lú Olókè mi lórí èjìká.

"Ó dàbọ̀ o, Dọ́kítà!" Màmá Rosemary ló ń pariwo láti ojú fèrèsé, òun lolórí àwọn ìyá náà. "Má jẹ́ kí ìyá arúgbó yẹn nà ẹ́ o!"

"Ẹ ṣáà gbàdúrà fún un!" ni mo fèsì.

Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe rò pé ó rí? Mo rò pé màá bá obìnrin tó sanra bí igi ọ̀dàn. Ẹni tí mo bá kéré bí abẹ́rẹ́. Ó de gèlè pẹlẹbẹ, ó ró ìró lé ṣòkòtò jíìnsì, ó jókòó sórí rímù lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi omi ọṣẹ wá ibi tí táyà kan ti ń jò. Mo dọ̀bálẹ̀. Lóòótọ́ ni, ìjà ni mo bá wá, àmọ́ wọ́n kọ́ mi nílé.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Jókòó síbẹ̀. Jẹ́ kí n dá ọ̀gá yìí lóhùn ná."

Ọ̀gá kan wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ọládélé lorúkọ ẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gún régé. Ó ní táyà òun kan ń yára jẹ, òun ò mọ ìdí. Ìyá Fàrídà ò wo ọkọ̀ náà rárá. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń ra orí ọmọdé.

"Ọ̀gá, ibi tí ẹ ti ń já ọmọ yín sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ títì ibẹ̀ ga. Apá ọ̀tún lẹ máa ń fi gùn ún. Ojoojúmọ́. Kánjúkánjú lẹ sì fi ń gùn ún, torí pé ẹ ti pẹ́."

Ọ̀gá Ọládélé la ẹnu. "Ta ló sọ fún yín?"

"Táyà ni."

"Ó tún sọ nǹkan míì?"

"Ó ní kí ẹ máa tètè jí."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo tètè dá a dúró. Torí ọkùnrin yẹn ò jiyàn! Ó kàn mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwájú ilé-ìwé ni, àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì kan wà níbẹ̀. Irun orí mi dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ka gbogbo ẹ̀.

Síbẹ̀, èmi ni Dọ́kítà Táyà. Mo gbé Olókè sílẹ̀ níwájú ẹ̀, gbì! "Ìyá, ẹ wo nǹkan tó ń jẹ́ táyà."

Ìyá Fàrídà fà á mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e símú, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó fi ìka tọ òkè náà.

"Kí lèyí?"

"Òkè ni, Mà. Ó túmọ̀ sí pé kò sí òkè tí kò lè gùn."

"Èyí tó wà nínú òkè yìí ńkọ́?"

"Ìràwọ̀. Ó túmọ̀ sí pé òun ni ọ̀gá."

Ìyá Fàrídà wò mí. Ẹnu ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ìró ẹ̀ fi tú, ó rẹ́rìn-ín títí tí ìyá oníbúrẹ́dì òdìkejì títì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń rín.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi, Mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mi ò ní bá ẹ jiyàn. Gbé páànù yẹn wá."

Ó ní kí n tẹ́ páànù àjákù kan sínú oòrùn. Ó gbé táyà mẹ́ta lé e. Àkọ́kọ́ ni Olókè mi. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ kan tí wọ́n fi páálíṣì dúdú kùn tó ń dán bí bàtà lọ́yà. Ó fi ìka wá nọ́ńbà mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní ọjọ́ orí ẹ̀ nìyẹn, ó ti lé lọ́dún mẹ́tàlá, rọ́bà ẹ̀ ti gbó di igi. Ẹ̀kẹta ò ní nǹkan kan lára tó wu ojú. Ìlà ẹ̀ ò jìn, kò dán, kò ní òkè, kò ní ìràwọ̀. Tí mo bá rí i lójú ọ̀nà, mi ò ní kí i.

"Èyí ni táyà tójò-tẹ̀ẹ̀rùn tiyín?" Mo fi ẹnu tọ́ka sí i. "Èyí?"

"Jókòó. Oòrùn ló máa dá ẹjọ́ yìí, èmi kọ́."

A jókòó. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, mo ń sọ ìtàn bí mo ṣe fọwọ́ lásán gbé ọkọ̀ sókè ní Ṣàgámù. Ó ń sọ pé "Ẹ̀n-ẹ́n," bí ẹni tó ń dá ọmọ lóhùn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, oòrùn ti ń sun páànù náà débi pé èèyàn lè fi dín dòdò fún gbogbo Ifọ̀.

"Ó yá. Fi èékánná ẹ tẹ̀ wọ́n."

Mo tẹ Olókè. Èékánná mi wọlé bí ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀bà. Mo yọ ọ́, ojú ibẹ̀ sì jìn síbẹ̀, kò padà. Mo tẹ ti ìkejì, èékánná mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Mo wá tẹ ẹ̀kẹta. Ẹ gbọ́ o. Èékánná mi wọlé díẹ̀, nígbà tí mo yọ ọ́, rọ́bà náà padà síbi tó wà. Ojú mi ló ṣe. Ó rọra dìde padà bí ẹran ara èèyàn, bí ẹni pé ó ń mí.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún padà. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà irínwó.

Ìyá Fàrídà ra áìsì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi tútù, ó gbé e lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tòkunbọ̀ àtijọ́ le sí i, ó ń dún kó-kó-kó bí ilẹ̀kùn. Àmọ́ Olókè mi! Nínú áìsì ni ara ẹ̀ wá yá. Ó le níwọ̀nba, ó rọ̀ níwọ̀nba, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá ẹ̀. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bó ṣe wà nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lábẹ́ áìsì.

"Ṣé o ti ń rí i?" Ìyá Fàrídà bèèrè.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tún ń tẹ̀ wọ́n wò. 

Ó ní kò tíì tán. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì tó kún fómi sínú Olókè, ó so okùn mọ́ ọn, ó ní kí n wọ́ ọ lórí títì gbígbóná. Mo wọ́ ọ. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, èérún rọ́bà dúdú ti wà nílẹ̀ káàkiri, bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé bá fi rọ́bà pa iṣẹ́ tó ṣì rẹ́. Ó da omi ọṣẹ sórí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n wọ́ tòkunbọ̀ tó ń dán. Mo fà á díẹ̀ báyìí, ó yọ̀ bí ẹja àrọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ ìyá oníbúrẹ́dì. Ó ní kí n wá wọ́ ẹ̀kẹta lórí omi ọṣẹ náà. Mo fà. Kò lọ. Mo fi gbogbo agbára Mowé fà á. Kò lọ. Mo pe agbára Ìbafọ̀ kún un. Ṣòkòtò mi ló ya.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, mo ń wo táyà yẹn. Táyà tí mi ò ní kí lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni mo ti ń ta táyà, mi ò sì tíì rí táyà rí.

Ìyá Fàrídà jókòó tì mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ọmọ mi, ìgbà kan wà lọ́dún nílùú àwọn òyìnbó tí yìnyín máa ń bọ́, tí á bo gbogbo títì bí ìyẹ̀fun. Èyí tó o pè ní ìràwọ̀, yìnyín ni. Àwòrán òkè tí yìnyín bo ni. Bàtà òtútù lo gbé wá. Lọ́hùn-ún, ó dáa gan-an. Àmọ́ nínú oòrùn tiwa, ó dà bí ẹni tó wọ súwẹ́tà nílé ìdáná. Tó bá ń sáré, á máa gbóná, á máa rọ̀, á máa wú. Tí ẹrù bá tún wúwo lórí ẹ̀..." Kò parí ẹ̀. "Mélòó lo ti tà?"

"Mẹ́rin."

"Fún ta?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Níbo ni ọkọ̀ náà wà báyìí?"

Mo gbójú sókè wo oòrùn. Aago kan ọ̀sán ti kọjá. Ìpàdé àdúrà ti tú. Àǹtí Títí àti ìyá mẹ́fà wà lórí títì Abẹ́òkúta, wọ́n ń sáré bọ̀ wá gbé mi.

Mo yọ fóònù, mo pe Àǹtí Títí. Màmá Rosemary ló gbé e, torí Àǹtí ń wakọ̀. "Dọ́kítà! Ṣé ó ti nà ẹ́?"

"Màmá, ẹ sọ fún Àǹtí kó dúró! Táyà yẹn máa bú gbàmù! Ọkọ̀ yẹn máa fò kọjá òrùlé, ẹ máa bá ara yín ní Kútọnu! Iná máa—"

Mo gbọ́ ẹ̀rín. Gbogbo ọkọ̀ ló ń rín. Ẹnì kan ní, "Àná ló ní a lè fi rìn lórí odò, lónìí a ti ń fò!"

Ohùn Àǹtí Títí dé láti ọ̀ọ́kán. "Afọlábí, mo mọ̀ ẹ́. Ìwọ tó o fọwọ́ lásán gbé ọkọ̀ sókè ní Ṣàgámù. Ṣé ebi ló ń pa ẹ́ tó o fẹ́ kí n dúró ra nǹkan ni? Mò ń bọ̀, jẹ́ kí n ráyè wakọ̀."

Wọ́n pa fóònù.

Mo na fóònù sí Ìyá Fàrídà. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi sọ ọ́. Wọ́n máa gbà yín gbọ́."

Ó mi orí. "Kò mọ̀ mí rí. Ìwọ lo tà á fún un. Tún un pè. Àmọ́ gbogbo nǹkan tó o fi ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ṣẹ́kù ni kó o sọ."

Mo wá nǹkan tó ṣẹ́kù. Ẹ ò mọ bó ṣe ṣòro tó. Mo wá inú ara mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú ilé tó kún fún pàǹtí.

Màmá Rosemary tún gbé e. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sétí Àǹtí mi." Ó gbé e síbẹ̀.

"Kí ló tún dé?"

"Àǹtí mi. Táyà tí mo tà fún yín ò dáa fún oòrùn. Mi ò mọ̀. Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dúró."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀, mo ń gbọ́ atẹ́gùn.

"Afọlábí," ó ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé ara ẹ yá?"

"Ara mi yá, Mà. Ẹ dúró."

Mo wá gbọ́ ọ. Tà-tà-tà-tà. Ìró iná tí awakọ̀ máa ń tàn tó bá fẹ́ yà kúrò lórí títì. Kò sí orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé, kò tíì sí.

Ìtórí ni wọ́n dúró sí. Ìyá Fàrídà ní kí n sọ fún wọn kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má da omi sí táyà, kí wọ́n jìnnà sí i. Òun fúnra ẹ̀ ti ń yí táyà mẹ́rin jáde látinú ṣọ́ọ̀bù, irú ẹ̀kẹta yẹn, tó ti dè mọ́ rímù oníhò márùn-ún. Ó kọ́ jáàkì sí èjìká, ó dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé pákó lọ sí Abẹ́òkúta dúró, ó ju táyà sókè kí n tó yí ọrùn. Èmi tí mo ní mo gbé ọkọ̀ lọ́wọ́ lásán, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí gbé.

A bá wọn lábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ìyá náà dúró lọ́nà jíjìn, wọ́n so ọwọ́ pọ̀. Òórùn rọ́bà sísun wà nínú afẹ́fẹ́. Mo lọ wo táyà ẹ̀yìn lápá òsì.

Mi ò ní sọ àsọdùn rárá. Gẹ̀gẹ̀ kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tó ìkúùkù mi. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà gan-an. Ìlà tí mo ní ó jìn, ó ti ń ya kúrò lára táyà bí èèpo àgbàdo. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì fà á padà kíá.

Àǹtí Títí dúró tì mí. Kò bú mi. Tó bá bú mi ni, ì bá sàn.

"Ọjọ́ Ajé," ó ní. "Ọmọ méje ni mo fẹ́ gbé lọ́jọ́ Ajé."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku Ìtórí, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ti ya.

"Dìde," Ìyá Fàrídà ní. "Wá di sípánà mú. Ẹbẹ̀ ò lè tú nọ́ọ̀tì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin yẹn ṣe pààrọ̀ táyà. Ó ki jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ gòkè. Ó yí sípánà lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀tì ń jáde bí ìgbà tí wọ́n ń yọ àgbàdo lára pòpórò. Màmá Rosemary bẹ̀rẹ̀ orin kan. Kó tó dé ègbè, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé. Ó tẹ etí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi irin lù ú, ó gbọ́ ohun tó sọ, ó mi orí. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó, ẹnu wọn ò lè pa dé. Ẹnì kan rọra sọ pé, "Olúwa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí," mi ò sì mọ̀ bóyá Olúwa ló ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí Ìyá Fàrídà.

Bí a ṣe ń wọnú ọkọ̀ ni ojú ọ̀run ṣú. Òjò àkọ́rọ̀. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n: epo àti eruku oṣù mẹ́rin ló wà lórí títì, tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, á yọ̀ ju ilá lọ. Kó tó di pé a dé Pàpálántò, òjò ti dé, kò sì rọ̀ bí òjò, ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣí géètì ọ̀run fún. Èmi àti Ìyá Fàrídà há mọ́ra lẹ́yìn. Mo ń wo táyà iwájú láti ojú fèrèsé. Omi tó wà lórí títì ń pín sí méjì! Táyà náà ń là á bí abẹ, ó ń dà á sọ́tùn-ún, ó ń dà á sósì, ibi tó bá sì ti kọjá, ẹ máa rí títì gbígbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí omi tó bò ó. Mo gbàgbé láti mí.

Lójijì, màlúù.

Agbo màlúù kan já láti inú igbó, wọ́n gba títì. Àwọn ìyá pariwo "Jéésù!" ní ohùn mẹ́fà. Àǹtí Títí tẹ bíréèkì. Mo di Ìyá Fàrídà mú. Mo ń retí kí ìdí ọkọ̀ yí, kí a máa yọ̀ bí tòkunbọ̀ tó ń dán yẹn lórí omi ọṣẹ. Mo rí ojú màlúù tó wà níwájú, ó ń tóbi sí i, ó ń tóbi sí i.

Ọkọ̀ náà dúró.

Gbọnrangandan, lójú kan, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Màlúù náà dúró níwájú wa, ó wò wá, ó mí sára gíláàsì, gíláàsì ṣú. Ó sì bá tiẹ̀ lọ.

 Òjò ń lu òrùlé ọkọ̀. Àǹtí Títí ṣì di sítíà mú. Mo ronú pé ká ní mi ò tún un pè. Ká ní mo tún sọ̀rọ̀ Kútọnu nígbà kejì.

Ìyá Fàrídà ló kọ́kọ́ lanu. "Afọlábí, fi mí sílẹ̀. O ti ń dá mi lápá."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí Títí náà rín, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ méje dúró ní Arépo, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, Àǹtí Títí sì gbé wọn. Kó tó gbéra, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi èékánná tẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró kó rí i pé rọ́bà náà padà. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Èmi náà pa ọ̀rọ̀ ara pátákó mi rẹ́. Àwọn Olókè tó ṣẹ́kù, mi ò ta ọ̀kankan. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá bọ́sítọ́ọ̀pù, mo ri wọ́n dé ìdajì, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń jókòó lé wọn lọ́sàn-án tí wọ́n bá ń dúró de Àǹtí Títí. Páànù àjákù kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Tí oníbàárà bá dé, tó ní, "Dọ́kítà, èwo ló dáa jù?" mo máa ń ní, "Ẹ jókòó ná. Oòrùn ò tíì mú tó."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ifọ̀ ni mo máa ń wà, mò ń bá Ìyá Fàrídà di sípánà mú. Ó ní mo ti ń gbọ́ ohùn táyà díẹ̀díẹ̀.

Màlúù yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ìyẹn ni mi ò lè yọ iyọ̀ kúrò lára ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ táyà yẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí.